Igi Tó Ń Jẹ́ Dúró

Sọ́ńdè, 22 Júláì 1984

Àná la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màmá, ìyá bàbá mi. Òjò ò dá láti ìdájí títí àwọn Àfáà fi jẹun tán tí wọ́n sì kó ìyókù sínú ọ̀rá. Nùrúdíìnì ló jókòó síwájú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Nínú ìwé yìí, Nùrúdíìnì ni màá máa pè é. Lójú rẹ̀, Bàbá Ìjànìkin ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí àbúrò bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá mi ka ìwé yìí, orúnkún mi sì ti ń dùn mí.

Nígbà tí èrò túká, ó pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó ní àdúrà ogójì ọjọ́ máa tóbi: àwọn àgbà Àgbádárìgì máa wá, àwọn ará òdìkejì ọ̀sà máa wá, ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ Mejọ̀ nínú iṣẹ́ ológun náà máa wá. Ó fẹ́ kí wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé Màmá sétí gbogbo wọn. Ó ní Màmá ló tọ́ mi dàgbà, tíṣà sì ni mí, nítorí náà èmi ni kí n kọ ọ́. Ó ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni Màmá, ó fún àdín àgbọn tà, kò jìnnà sílé, ó ń gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ yìí, Mákánjú télọ̀ tó bí Nùrúdíìnì, ló gbin àgbọn tó wà létí òkun. Màmá kàn ń bá a bójú tó o ni.

Mo bi í pé ta ló gbin àgbọn. Ó ní bàbá òun.

Mákánjú tí mo mọ̀ kò kọjá ọ̀sà rí títí ó fi kú. Èébì máa ń gbé e tó bá kàn dúró ní èbúté tó ń wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀. Màmá ló máa ń sọ ọ́, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà wo ni télọ̀ yìí wá rìn lórí omi lọ gbin àgbọn?

Túsìdeè, 24 Júláì

Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ nílé ìwé wa ní Ajárá. Àwọn sójà dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni Láńre tí a jọ jẹ́ tíṣà fi pẹ́, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìṣirò. Nígbà tó dé yàrá àwa tíṣà, ó nu ojú rẹ̀, ó ní ní Èkìtì tàwọn, ọ̀pọ̀lọ́ kì í gba owó oṣù, torí náà iṣẹ́ náà bá òun mu. Oṣù kẹta rèé tí wọn ò tíì san owó wa. Ṣíbí kékeré ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ lọ́jà báyìí.

Mo ti mọ ìdí tí Nùrúdíìnì fi ń sáré. Láńre ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kò pé Mejọ̀ yẹn fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sétí òkun, ibi tí àgbọn Màmá wà gan-an ló sì wù ú. Níhìn-ín, ẹni tó bá gbin igi ló nigi, òun náà ló ni ibi tí igi dúró sí. Ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni Màmá bí: bàbá mi fún ọkọ àkọ́kọ́, Nùrúdíìnì fún Mákánjú. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ Màmá ló gbin àgbọn, èmi ni mo dúró fún bàbá mi, Nùrúdíìnì ò sì lè tà á láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ Mákánjú ló gbìn ín, kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Mákánjú. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí n sì fi ẹnu ara mi kà á sétí ìlú.

Ojú ò tilẹ̀ tì í. Oúnjẹ àdúrà ṣì wà láàárín eyín rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Jímọ̀, 27 Júláì

Kí n má parọ́ fún ìwé. Inú ń bí mi sí Màmá náà.

Gbogbo ìlú ń sọ pé akínkanjú, pé Ìyá Ọlọ́kọ̀, obìnrin tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń yá ọkọ̀ kiri. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Wọn ò sọ ti ọmọ tó ń jí láàárọ̀ tó ń fọwọ́ kan ẹní, tí ẹní ti tutù. Ìyá mi ti lọ fẹ́ ọkọ míì ní Àjàṣẹ́. Màmá nìkan ni mo ní, Màmá sì ń lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà nígbà tí èèyi mú mi. Ojú mi wú, ó dì pa, mi ò rí nǹkan kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ kan ló ń fún mi ní ẹ̀kọ mu, ọwọ́ líle, tó ń họ mí lẹ́ẹ̀kẹ́ tó bá ń nu ẹnu mi. Ọjọ́ tí ojú mi là, Ìyá Hidayah tó ń ta aṣọ ní ojúlé kejì ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bèèrè Màmá. Ó ní Màmá ti rìnrìn-àjò. Mo mọ̀ pé Àbíjáànì ni, nítorí Àbíjáànì ni gbogbo ilé ń sọ lásìkò yẹn. Nígbà tó dé, ó ra bàtà pupa kan bọ̀ fún mi. Mi ò wọ̀ ọ́ rí. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní ó fún mi lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí, òun gan-an pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí tí a fi wẹ òkú rẹ̀.

Ibikíbi tó bá ti bọ̀, àgbọn kan ló máa ń mú bọ̀ láti ibẹ̀. Á gbìn ín létí òkun, á fi orúkọ ìlú náà pè é, á sì lọ sùn. Mo lè kà wọ́n tẹ̀ léra láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: Pópò, Aného, Lómè, Kẹ́tà, Ákrà, Sẹ́kọ́ńdì, Àsínì, Dúró, Àbíjáànì. Ti Àbíjáànì kúrú, èso rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo etí òkun wa. Dúró nìkan ni kì í ṣe ìlú. Igi wíwọ́ ni, ó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, mo sì rò pé ó hù fúnra rẹ̀ ni. Màmá á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fọwọ́ gbá a nídìí, á ní, "Dúró." Àwa ọmọdé náà á gbá a, a ó ní kó nàró dáadáa.

Sátidé, 28 Júláì

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Sójà kan na ìyá arúgbó ní bùlálà nítorí gọ́tà tí kì í ṣe tiẹ̀. Mi ò lágbára àtikọ nǹkan kan.

Tọ́sìdeè, 2 Ògọ́ọ̀sì

Mo kọjá ọ̀sà lọ bá Bàbá Zinsu. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wa ọkọ̀, nítorí àwọn sójà ti kó ẹ́ńjìnnì gbogbo ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa. Bàbá Zinsu ló máa ń tukọ̀ fún Màmá. Ìdílé rẹ̀ ló ni iyanrìn etí òkun, àwọn ni wọ́n yọ̀ǹda ibẹ̀ fún un. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo bá a lórí àpótí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbé àwọ̀n náà jáde. Ó fi Ègùn kí mi, mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ó sì bojú jẹ́ pé ọmọ Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò gbọ́ Ègùn di òní olónìí.

Mo ní kó sọ gbogbo ibi tí Màmá lọ fún mi. Ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́. Ní Kẹ́tà, ìgbì dojú ọkọ̀ dé, Màmá di ìdérí àgbá àdín mú títí ó fi jàjà gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ta àgbá tó ṣófo, ó fi ra ẹja gbígbẹ, èrè ẹja náà ló fi tún ọkọ̀ kàn. Ní Àsínì, àwọn aṣọ́bodè Faransé tì í mọ́lé. Ó ní oúnjẹ wọn kò ṣeé jẹ, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo bárékè ló ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní òun ò lọ, ọjà ṣì ń tà. Oṣù kan gbáko ló tún lò. Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ mi ò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo rántí ẹni tó ń dúró dè é nílé ní oṣù yẹn.

Mo bi í bóyá fàyàwọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sílé rẹ̀.

"Nígbà tiwa, kò sí fàyàwọ́," ó ní. "Omi ló wà."

Ìrìnàjò ńlá mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira ni ti Àbíjáànì. Ó ti darúgbó, ó ti ń da ọdún rú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà nígbà yẹn, èèyi mi ti lọ tipẹ́. Mi ò bá a jiyàn.

Mọ́ńdè, 6 Ògọ́ọ̀sì

Ojú ìwé mẹ́jọ ni mo kọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀: àgbá, ẹja, bárékè. Mo gbé e lọ fún Láńre nílé rẹ̀. Ó ní ó dùn, òun rẹ́rìn-ín níbi márùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé ni mo kọ, ìwé ẹ̀sùn ni. Ilé ẹjọ́ àwọn ológun ń rán àwọn oní-fàyàwọ́ lọ sẹ́wọ̀n lóṣooṣù. Wọn ò lè ti òkú mọ́lé, ó ní, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ pé èrè fàyàwọ́ ni àgbọn náà, kí ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìjọba wo? Mejọ̀ kan náà yẹn ni. Wọ́n sì ń yọ tíṣà níṣẹ́ nítorí ohun tó kéré sí èyí.

Tí mo bá sọ òtítọ́, Mejọ̀ á gbà á. Tí mo bá dákẹ́, Nùrúdíìnì á tà á fún Mejọ̀. Nígbà tí mo délé, mo sọ ṣíbí ọbẹ̀ mọ́ ògiri. Ó tẹ̀, èmi náà ni mo tún fi òkúta lù ú kó lè tọ́, nítorí òun nìkan ló kù nílé.

Jímọ̀, 10 Ògọ́ọ̀sì

Nùrúdíìnì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó rí ìwé mi lórí tábìlì, ó gbé e, ó kà á láti òkè délẹ̀ lórí ìdúró. Kò pariwo. Ó fà á ya sí mẹ́rin, ó kó gbogbo rẹ̀ sí àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n má baà rí i lẹ̀ pọ̀.

"Nurat," ó ní, "ilé bàbá mi lo ń gbé. Máa rántí."

Òótọ́ ni, Mákánjú ló kọ́ ilé yìí. Owó àdín ló sì ra ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan.

Ó ní kí n má ṣe wàhálà mọ́, òun ti kọ tòun, òun sì ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìjànìkin. Ó fi ọ̀kan hàn mí. Àwòrán Màmá ló wà níwájú, èyí tó fi ọwọ́ lé ìbàdí nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gé ọkọ̀ kúrò. Wọ́n gé omi náà kúrò. Màmá kàn dúró sójú òfurufú, ó ń bínú sí mi.

Mọ́ńdè, 13 Ògọ́ọ̀sì

Òjò ti dá. Bàbá Zinsu ránṣẹ́ pé àwọn kan wá fi okùn wọn ilẹ̀. Mo kọjá lọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán-án. Mo fi kẹrosíìnì àti èèpo àgbọn họ ọ́ láti àárọ̀ títí òòrùn fi yẹ̀ lórí. Ọ̀dà náà kàn ràn kálẹ̀ ni. Ọwọ́ mi bó. Mo bú Nùrúdíìnì, mo bú Mejọ̀, nígbà tí mo dé ìdí Dúró tó wọ́, mo bú Màmá náà pé kí ló dé tí kò gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Sọ́ńdè, 19 Ògọ́ọ̀sì

Ìyá Hidayah fún mi ní iyọ̀ tó kún agolo mílíìkì. Ọbẹ̀ dùn lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

Bóyá iyọ̀ ló ṣí mi lórí. Mi ò ní kọ ohun tó kó lọ, mi ò ní kọ ohun tó kó bọ̀. Ojú ìwé kan péré ni màá kọ: orúkọ àwọn igi, àti ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ ìlú kì í ṣe ẹ̀sùn, kò sí sójà tó lè mú mi nítorí pé àgbọn kan ń jẹ́ Lómè. Láńre kà á, ó wá gbogbo ibi tí wọ́n lè gbà mú mi, kò rí i. Ó ní òun máa wá, òun á jókòó sẹ́yìn, nítorí orúnkún òun ò tíì gbádùn látàrí ọ̀pọ̀lọ́.

Sátidé, 25 Ògọ́ọ̀sì

Ìmọ́tótó. Wẹ́sìdeè ni ogójì ọjọ́ pé, òní ni wọn ì bá ṣe àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ìmọ́tótó, wọ́n sún un sí ọ̀la. Mo fọ aṣọ funfun mi, kò funfun. Ọṣẹ ò sí.

Sọ́ńdè, 26 Ògọ́ọ̀sì

Òòrùn mú. Àwọn àgbà ìlú jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àwọn ará òdìkejì ọ̀sà wà létí ibẹ̀, Bàbá Zinsu jókòó láàárín wọn. Mejọ̀ wọ agbádá, ṣùgbọ́n bàtà sójà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Nùrúdíìnì dìde, ó ka tiẹ̀. Ó kà á dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó dé ibi tí Mákánjú ti gbin àgbọn, àgbàlagbà kan wúkọ́, òmíràn wolẹ̀.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Mo ní kí n tó ka tèmi, mo fẹ́ bi Bàbá Ìjànìkin ní ìbéèrè kan: kí lorúkọ àwọn igi tí bàbá wọn gbìn? Ó ní igi kì í lórúkọ. Àwọn ará òdìkejì ọ̀sà rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti Pópò, mo ń ka àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìlú, mo ń ká ìka mi kò lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé Àbíjáànì. Mo ní ẹni tó gbìn wọ́n ló sọ wọ́n lórúkọ, kò sì sí ọmọ tó dàgbà létí omi tí kò mọ ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ń mi orí. Láńre rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn. Mo ti ń gbádùn ara mi.

"Igi mélòó ló wà níbẹ̀, Nurat?" Nùrúdíìnì ní.

Mo ní mẹ́sàn-án.

"Mẹ́jọ lo kà. Kí lorúkọ ìkẹsàn-án?"

Mo ní Dúró.

Ó yí sí àwọn èèyàn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ṣé ẹ gbọ́? Àbíkú ni bàbá mi. Mákánjú Dúrójayé ni. Òun ló gbin ìyẹn, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Tí ọkọ bá ti gbin igi sórí ilẹ̀, ohun yòówù tí ìyàwó gbìn sí i, ilẹ̀ ọkọ ló gbìn ín sí."

Òótọ́ ni pé Dúrójayé ni Mákánjú. Ó wà lára bọ́ọ̀dù télọ̀ rẹ̀ títí di òní, gbogbo ìlú ló ń kà á lójoojúmọ́. Mejọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ni mo ti dé ayé, mo sì ń gbá igi yẹn nídìí láti kékeré, mi ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Zinsu ló sọ̀rọ̀, kò sì dìde. Ó ní Dúró yẹn kì í ṣe orúkọ èèyàn. Àfáà àgbà ní kó la ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé àwọn.

Ó ní ọdún tí ó ku ọ̀kan kí òmìnira dé, àwọn di ẹrù kún ọkọ̀ láti lọ sí Àbíjáànì, ìrìnàjò tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí Ìyá Ọlọ́kọ̀ tíì dáwọ́ lé. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ti wọlé, àwọn ti mú àjẹ̀, ni ẹnì kan bá sáré dé láti ilé pé ara ọmọ gbóná, ojú rẹ̀ ti dí, ó ń pe Màmá. Ìyá Ọlọ́kọ̀ jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ó mú àgbọn kan ṣoṣo lára ẹrù rẹ̀, kò mú nǹkan míì. Àwọn kígbe sí i pé ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe, pé ta ló máa bá a ta ọjà. Omi dé orúnkún rẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Ó ní, 'Ẹ máa lọ. Èmi dúró,'" Bàbá Zinsu ní.

Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń bọ́ ọ. Àwọn tó lọ láìsí i kò mọ omi tó o, ọkọ̀ fọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ní Aného, gbogbo ẹrù bá omi lọ. Ọjọ́ tí ojú ọmọ là ni ìròyìn kàn án, ló bá fi ọmọ ti aládùúgbò, ó wọ lọ́rì lọ wá àwọn. Nígbà tó padà dé, àgbọn ọwọ́ rẹ̀ yẹn ti hù. Ó gbìn ín sí ìlà àwọn yòókù, ó ní Dúró ni orúkọ rẹ̀. Ọdún méjì ló tó rí ọkọ̀ míì kàn, kó tó wá dé Àbíjáànì.

Mi ò rántí pé èmi ni mo dìde síwájú gbogbo èèyàn. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ti ọmọ kékeré ni.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá?"

"Ibi tó lọ lo bi mí," ó ní. "O ò bi mí ibi tí kò lọ."

Àgbà tó ṣáájú ìdílé Bàbá Zinsu ní obìnrin kan làwọn fún ní iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbà á, àwọn ò sì mọ télọ̀ kankan. Ó kọjú sí Mejọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mejọ̀ dìde, ó ní òun ò ra ilẹ̀ ìjà, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Nùrúdíìnì gbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú kúlà ìrẹsì títí dé títì. Nígbà tó padà, ó ní kí n kúrò nílé bàbá òun kí oṣù tó parí. Mo ní ó dáa, Bàbá. Mi ò kúnlẹ̀.

Mi ò ka ojú ìwé mi mọ́. Ìyá Hidayah wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ta aṣọ láti èwe rẹ̀ ni, kò họ mí rárá.

Mọ́ńdè, 27 Ògọ́ọ̀sì

Mo kọjá ọ̀sà láàárọ̀. Ọ̀dà pupa ṣì wà lára wọn.

Mo dé ìdí Dúró, mo sì bú Màmá dáadáa. Mo ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ò lè la ẹnu yín sọ fún mi? Bàtà yẹn, ṣé ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé ó fún mi lẹ́sẹ̀? Ẹ rin ojú òkun dé Àbíjáànì, ẹ ò lè rìn dé ibi tí mo ti ń sunkún. Mo bú u títí ẹnu mi fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, mo fi ẹ̀yìn ti igi náà, ó gbà mí dáadáa pẹ̀lú bó ṣe wọ́, mo sì sunkún.

Nígbà tí òòrùn ń wọ̀, ọlọ́kọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti orí omi pé ọkọ̀ ti kún, èrò ń bínú. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Èmi dúró.